Ilé Tí Bàbá Mi Kọ́ Sínú Bọ́ọ̀sì

Òórùn ọ̀dà dúdú ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ ó rántí irú ọ̀dà yẹn, èyí tí wọ́n máa ń sè nínú garawa tó ti jó gbẹ, tí èéfín rẹ̀ ń ta ni lójú, tí kì í sì í kúrò lára aṣọ bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Nílé wa ní Òkìtìpupa, òórùn tí a mọ̀ láàárọ̀ ni ti gààrí tí àwọn aládùúgbò ń yan àti ti epo pupa tó ń hó lórí iná. Mo fò dìde lórí ẹní, mo sáré jáde láì bọ́jú, mo sì bá gbogbo àga bọ́ọ̀sì bàbá mi lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n tò wọ́n bí ẹni pé ìsìn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Adìẹ kan ti jókòó sórí àga iwájú, kò sì jọ ẹni tó máa dìde fún ẹnikẹ́ni.

Bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, inú rẹ̀ ṣófo. Mi ò rí inú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, èrò ló máa ń kún un, àti àpò gààrí, àti agbọ̀n ẹja gbígbẹ, àti àwọn ìyá tó ń bá kọ̀ndọ́kítọ̀ fa ọ̀rọ̀. Òun ni bàbá mi fi ń na Òkìtìpupa sí Igbókòdá, níbi tí ọ̀nà ilẹ̀ ti ń parí tí ọ̀nà omi sì ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti gbó. Ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń já lójú ọ̀nà, àwọn èrò sì ti ń sá fún un, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nìkan ló ṣì le. Bàbá mi ti ra òmíràn, gbogbo wa sì rò pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù ni èyí ń lọ. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yẹn, ó dúró sí àárín rẹ̀, ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ó ń fi wọ́n wọn fífẹ̀ ibẹ̀. "Ibùsùn á gba ibí," ló ń sọ fún ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí ibùsùn náà wà fún.

Màmá tó bí màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyáàgbà, ń gbé létí òkun nílẹ̀ Ìlàjẹ. Ilé onípákó tó dúró lórí òpó ló ń gbé. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, ó ń yan ẹja, ó ń tà á, ó ń ra pákó lónìí, ó ń ra páànù lọ́la, títí ilé fi dìde. Òkun sì ń jẹ ìlú náà. Lọ́dọọdún ni omi ń sún wọlé. Ó ti gbé ilé ẹ̀kọ́ tí màmá mi lọ. Ó ti gbé ilé ìjọsìn wọn, ìjọ aláṣọ funfun tí Ìyáàgbà ti jẹ́ Ìyá Ìjọ. Wọ́n kọ́ òmíràn sẹ́yìn, omi tún ti ń sún mọ́ ìyẹn náà. Nígbà tí mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, kò sí ilé kankan mọ́ láàárín ilé rẹ̀ àti òkun. Bí ìjì bá ń jà ní Òkìtìpupa, màmá mi kì í lè jẹun. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ojú ọ̀run, àwa ọmọ á sì mọ̀ pé a ò gbọdọ̀ pariwo.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí wọn ò lọ mú un wá. Wọ́n lọ, àìmọye ìgbà. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin, tíṣà ni ní Ìrẹ̀lẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Tíṣà la sì ń pè é. Ó ti kun yàrá kan dè é. Àǹtí wa tó wà nílé ọkọ ní Erínjẹ ti ra bẹ́ẹ̀dì tuntun. Màmá mi náà ti ní kí èmi àti àwọn àbúrò mi kó ẹrù wa kúrò ní yàrá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá ń bára wọn jà lórí ilé ẹni tó máa wá, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tí wọ́n ń torí ẹ̀ jà kò tíì gbà láti lọ síbì kankan. Èsì kan náà ló máa ń fún wọn: "Mi éè sùn n'ulí ọma." Ulí ni wọ́n ń pe ilé lọ́dọ̀ wọn, ọma sì ni ọmọ. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti kọ́ tòun, òun ò tíì sùn lábẹ́ òrùlé ẹlòmíràn, òun ò sì ní í wá fi arúgbó ara di ẹni tí wọ́n ń bi pé, "Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?" Ó tún ní ilé ọmọ tí òun bá yàn, àwọn méjì tó kù á ní òun kọ àwọn. Òótọ́ ló sì wí, nítorí wọ́n ti ń sọ ọ́ kó tó yàn rárá.

Bàbá mi, ọmọ Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nídìí oúnjẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, màmá mi ti ìpàdé àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ dé láti Ìrẹ̀lẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Bàbá mi gé ẹ̀bà, ó fi í sínú ọbẹ̀, ó ní, "Tí wọn ò bá fẹ́ wọ ilé ẹnikẹ́ni, kí wọ́n máa gbé ilé tiwọn kiri."

Màmá mi ní, "Ṣé ìgbín ni ìyá mi ni?"

Bàbá mi ní ìgbín kò ní mọ́tò. Màmá mi bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, kó tó wá rí i pé ọkọ òun ò rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n tú àga bọ́ọ̀sì.

Bàbá mi kò wá gbẹ́nàgbẹ́nà ìgboro. Ó ti lọ sí Igbókòdá lọ mú Bàbá Ẹ̀bùn wá, ẹni tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, òun ló sì ń se ọ̀dà tó jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìlú kan náà lòun àti Ìyáàgbà ti wá, ìjọ kan náà ni wọ́n sì ń lọ, kí òkun tó lé e wá sí Igbókòdá. Ọkọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ apẹja etíkun yẹn ń wọ̀. Bàbá mi ní ẹni tó bá máa kọ́ ilé fún Ìyáàgbà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó mọ irú ilé tó ti ń gbé bọ̀. Èrò tó dáa ni, a ò kàn mọ ibi tó máa gbé wa dé ni.

Èèyàn kúkurú ni Bàbá Ẹ̀bùn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le kókó. Á gbàdúrà kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́, á bọ́ bàtà, á wá gun inú bọ́ọ̀sì lọ. Ó tẹ́ pákó sórí irin ilẹ̀ bọ́ọ̀sì tó ti dípẹtà, ó ń ki òwú bọ àárín pákó kan sí èkejì, ó ń fi irin pẹlẹbẹ gbá a wọlé, ó sì ń da ọ̀dà gbígbóná lé e. Ó ṣe ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ṣe ara ògiri bẹ́ẹ̀ títí dé orúnkún. Wẹ́dà kan tó ń jó irin ládùúgbò wa gé ojú fèrèsé sí ara irin, Bàbá Ẹ̀bùn sì fi férémù igi sí i. Ó kan ibùsùn tó ní àpótí nísàlẹ̀ tí aṣọ á máa wà. Ó kan pẹpẹ ìkòkò, ó sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dí etí rẹ̀ kí ìkòkò má bàa yọ̀ bí mọ́tò bá ń lọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n fi sitóòfù sí, wọ́n kan páànù mọ́ ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbé dírọ́ọ̀mù kékeré sórí òrùlé, rọ́bà kan sì ti ibẹ̀ wọ igun kan nísàlẹ̀ tí wọ́n fi kọ́tìnnì bò. Ibẹ̀ ni Ìyáàgbà á ti máa wẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ohun tí ìyẹn ṣe fún mi. Bí mo bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, mi ò ní í bọ́ yúnífọ́ọ̀mù kí n tó gun inú bọ́ọ̀sì. Mo máa ń dùbúlẹ̀ sórí pákó ibùsùn tí wọn ò tíì tẹ́ nǹkan sí, kí n máa wo òrùlé. Ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí yìí, mo mọ̀ pé ibẹ̀ làwọn ọlọ́jà máa ń fún ara wọn pọ̀ sí tẹ́lẹ̀, tí ọmọ ọwọ́ á máa sunkún, tí ẹnì kan á máa pè pé "ó wà o" kí awakọ̀ dúró. Lójú mi báyìí ló ń di yàrá. Kò sí ẹni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé nǹkan lè yí padà bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá ní ọwọ́ àti èrò lè sọ ohun kan di òmíràn. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì ń dùn, mi ò mọ èwo ló pọ̀ jù.

Àwọn ará àdúgbò ní tiwọn kò jẹ́ kí a sinmi. Àwọn kan ní ọkọ̀ ìgbókùú ni bàbá mi ń ṣe. Ìyá kan tó ń ru gbágùúdá lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ dúró, ó yọjú wo inú bọ́ọ̀sì, ó rí ibùsùn, ó ní, "Dẹ́rẹ́bà, ṣé ẹ fẹ́ sá fún ìyàwó yín ni?" Bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìyàwó náà ti ní àwọn jọ ń lọ ni.

Bọ̀ọ̀dá Tíṣà kò bá wọn ṣàwàdà. Ó ti Ìrẹ̀lẹ̀ wá pẹ̀lú ọ̀kadà, ó yí bọ́ọ̀sì po, ó sì dúró níwájú bàbá mi. "Ẹ gbọ́ mi, àna wa. Ìyá mi kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń gbé kiri. Ṣé kí wọ́n máa sọ ní Ìrẹ̀lẹ̀ pé ìyá tíṣà ń gbé inú mọ́tò?" Bàbá mi ní kí Màmá fúnra wọn sọ ọ́. Bọ̀ọ̀dá Tíṣà ní kò burú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọ̀ ọ́, òun á gbé wọn lọ sílé òun lọ́jọ́ náà, wọn ì báà máa sunkún. Màmá mi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ilé ìdáná. Ó mọ ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ipá mú un lọ sí Ìrẹ̀lẹ̀, á wọ ọkọ̀ padà sí etíkun kí ilẹ̀ tó mọ́, òjò sì ti ń ṣú.

Bàbá mi ló lọ mú un wá. Ó sọ fún un pé wọ́n ṣe nǹkan kan fún un, kó wá wò ó, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, òun fúnra òun á dá a padà lọ́jọ́ náà. Ìyáàgbà mọ̀ pé bàbá mi kì í yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi tẹ̀ lé e. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú sùtánà funfun rẹ̀, láì wọ bàtà, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó dúró ṣánṣán. Gbogbo wa kúnlẹ̀. Kò wo ẹnì kankan nínú wa. Bọ́ọ̀sì yẹn ló ń wò.

Ó wọ inú rẹ̀ lọ ní òun nìkan. A dúró síta, àwa ará ilé, Bọ̀ọ̀dá Tíṣà, Bàbá Ẹ̀bùn àti wẹ́dà. A ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí àpótí, tó ń pa á dé. A rí i lójú fèrèsé tó ń fi èékánná họ àárín pákó, tó ń gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. "Ọwọ́ Bàbá Ẹ̀bùn rè é," ló wí. Ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn. Ó dìde. Màmá mi di ọwọ́ mi mú, ó fún un débi tó fi dùn mí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Ìyáàgbà ní eruku ọ̀nà wà lára òun, òun fẹ́ wẹ̀. A gbọ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà láti òrùlé, a sì gbọ́ tó ń kọrin ìjọ wọn lóhùn jẹ́jẹ́. Bàbá mi mí kanlẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Tíṣà ṣẹ́jú.

Àfi bí orin ṣe dúró.

"Bàbá Ẹ̀bùn!" Ohùn Ìyáàgbà ló jáde. "Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ."

Gbogbo wa sáré débẹ̀. Ìyáàgbà ti ró ìró, ó dúró láàárín ilé rẹ̀, omi mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀. Kànǹkàn àti ike ọṣẹ ń léfòó lọ sábẹ́ ibùsùn. Omi kò rí ibì kankan gbà jáde. Bàbá Ẹ̀bùn tó ti ń kan ọkọ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ ti ṣe ohun tó máa ń ṣe, ó dí gbogbo ojú ihò, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó rántí pé inú ni omi ti ń wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọkọ̀ tó dáa jù lọ tó kàn láyé rẹ̀ ló wà nínú àgbàlá wa yẹn, ó gbé omi dúró láì jò ní ẹ̀kán kan.

Wẹ́dà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwa ọmọ sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó ní nǹkan kékeré ni, kí wọ́n lu ihò kan sí igun ibẹ̀, irin ìsàlẹ̀ tiẹ̀ ti jẹrà, pákó nìkan ló kù láti lu. Ó na irin tí wọ́n fi ń yí pákó lu sí Bàbá Ẹ̀bùn. Bàbá Ẹ̀bùn kò gbà á. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Mi ò lu ìsàlẹ̀ ọkọ̀ rí," ló wí. "Ọ̀tá ló ń lu ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ẹni. Ẹ ní kí n ṣe ohun mìíràn." Wẹ́dà tún fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wo ojú màmá mi, ó wo ti Bọ̀ọ̀dá Tíṣà, ó sì gbé e mì. Àwọn ọmọ etíkun wọ̀nyí kò rí i bí ohun ẹ̀rín rárá. Bọ̀ọ̀dá Tíṣà tó ti wá bá bàbá mi jà náà kò lè wo irin yẹn. Bàbá mi, ọmọ orí ilẹ̀, ló na ọwọ́ kó gbà á.

Ìyáàgbà ní, "Ọkọ ọma mi, gbé e fún mi."

Ó dúró nínú omi náà, ó di irin yẹn mú, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé ó máa sunkún, kò sunkún. Ó gbójú sókè sí Bàbá Ẹ̀bùn, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni ń tu aláìsàn nínú. "Ọkọ̀ kọ́ rè é. Ulí ni. Omi ti lé èmi àti uwọ tó."

Ló bá lóṣòó, ó fi irin sí igun tí kọ́tìnnì wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Bàbá Ẹ̀bùn yíjú sẹ́yìn. Ó pẹ́ díẹ̀, pákó náà nípọn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun yí i. Lẹ́yìn náà, a gbọ́ omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sílẹ̀ lábẹ́ bọ́ọ̀sì, sórí ilẹ̀ pupa àgbàlá wa. Ìyáàgbà jókòó sétí ibùsùn, ó ń wò ó bó ṣe ń fà lọ, títí pákó fi yọ, títí gbogbo rẹ̀ fi tán. Ó ní kí bàbá mi lọ gbé àpótí aṣọ òun wá láti etíkun. Màmá mi jókòó sílẹ̀ níbi tó dúró sí, nínú ẹrẹ̀ yẹn, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́.

Ó gbé inú ilé náà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Bó bá wà lọ́dọ̀ wa fún ìgbà kan, bàbá mi á wa ilé lọ sí Ìrẹ̀lẹ̀, á gbé e síwájú ilé Bọ̀ọ̀dá Tíṣà, tó ti tú ọgbà òdòdó rẹ̀ fún un. Láti ibẹ̀ á lọ sí Erínjẹ, láàárín igi ọ̀pẹ. Kò sẹ́ni tó jà mọ́. Ibi yòówù kó wà, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀, òun ló sì ń bi wọ́n pé ṣé ẹ ti jẹun. Mo rántí bí Bọ̀ọ̀dá Tíṣà ṣe máa ń tẹ orí ba kó tó lè wọlé, tó ń di abọ́ ọbẹ̀ ẹja mú lórí àpótí, tó ń ṣe jẹ́jẹ́ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Erínjẹ ni Ìyáàgbà wà nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé òkun ti gbé ilé òpó rẹ̀ lọ. Ó ń dín ẹja lọ́wọ́. Ó yí èyí tó wà lórí iná kó má bàa jó, ó wá ní òun ti mọ̀.

Lóde òní, mo ti dàgbà ju bí màmá mi ṣe wà nígbà náà lọ. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, mo kọ́lé síbẹ̀. Bàbá mi ti lọ sinmi, màmá mi nìkan ló kù nílé ní Òkìtìpupa, òrùlé ibẹ̀ sì ti ń jò. Mo ti ṣe yàrá kan fún un lọ́dọ̀ mi, ó ní táìsì, ó ní fáànù, ó ní tẹlifíṣọ̀n, mo sì ti lọ bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò wá. Inú bí mi. Mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé àgbà kì í gbọ́ràn. Ọmọbìnrin tó ń dùbúlẹ̀ sórí pákó nínú bọ́ọ̀sì yẹn ì bá fi mí rẹ́rìn-ín ni. Ó rí gbogbo rẹ̀ lójú ara rẹ̀, ẹnu sì yà á dáadáa. Èmi àgbàlagbà tó ti kàwé tó ti kọ́lé ni mo gbàgbé pé kì í ṣe bọ́ọ̀sì yẹn ni ohun ìyanu. Bàbá mi ni. Ọkùnrin kan kọ́ ilé fún ìyá ìyàwó rẹ̀, ó kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́, kò sì wọ ibẹ̀ rí láì kan ilẹ̀kùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ sí Òkìtìpupa. Mi ò bẹ màmá mi pé kó wá sílé mi. Mo sọ fún un pé ilẹ̀ kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, mo fẹ́ kọ́ ilé kékeré kan síbẹ̀ fún un, tí á ní ilé ìdáná tirẹ̀ àti géètì tirẹ̀. Mo wá bi í pé, "Màmá, ibo lẹ fẹ́ kí ẹnu ọ̀nà yín kọjú sí?"

Ó ní kí n jẹ́ kó kọjú sí òpópónà, kí òun lè máa rí mi bí mo bá ń bọ̀ wá jẹun.